Bí a ṣe ń yan ọ́ìlì bíréèkì fún ọkọ̀ tó ń lọ sí pápá ìsáré

Ìgbà àkọ́kọ́ tí pẹ́dàlì bíréèkì wọlẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ò rìn rárá. Mo ti sá ìyípo mẹ́jọ lórí pápá, mo ti yà wọlé, mo ti pa ẹ́ńjìnì, mo sì ti bọ́ sílẹ̀ lọ mumi. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo padà wọ ọkọ̀ kí n tún jáde lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì, pẹ́dàlì sì lọ títí ó fi kan ilẹ̀ láìbá nǹkan kan pàdé lọ́nà. Mo jókòó síbẹ̀, mo kàn ń wo iwájú. Ká ní òpin ojú ọ̀nà gígùn ló ti ṣe mí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ọ́ìlì tó wà nínú bíréèkì mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe ayédèrú. Wọ́n kọ nọ́ńbà tó lé ní 300°C sí iwájú agolo rẹ̀ gàdàgbà. Nọ́ńbà kejì, tó kéré jù ú lọ dáadáa, wà lẹ́yìn agolo, mi ò kà á. Mo sì ti fi ọ́ìlì yẹn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ fún oṣù mọ́kànlá láìpààrọ̀ rẹ̀. Látọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọ́ìlì bíréèkì wo ni kí òun rà fún pápá, èmi náà á kọ́kọ́ bi í pé: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún lo máa fi ọwọ́ ara rẹ pààrọ̀ rẹ̀? Ìdáhùn yẹn ló ń yan agolo.

Ibi tí ooru ń gbà dé inú ọ́ìlì

Bíréèkì kì í gbé eré ọkọ̀ jù nù, ooru ló ń sọ ọ́ dà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ díẹ̀, ká fi ti atẹ́gùn tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,500 kg, tó ń sá 100 km/h, tó wá dúró pátápátá, máa da nǹkan bíi 580 kJ ooru sínú bíréèkì rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà, tó bá ń bọ̀ ní 200 km/h, tó kàn dín eré kù sí 80 kó lè wọ kọ́nà, ooru tirẹ̀ tó 1,940 kJ. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ò tíì dúró o. Lójú títì, ó lè pẹ́ gan-an kí ẹ tó tẹ bíréèkì le tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lórí pápá, kọ́nà kejì ti dé kí dísíìkì, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, tó ráyè tutù.

Dísíìkì ni ooru yìí kọ́kọ́ ń bà. Ó lè gbóná kọjá 600°C, débi tó fi máa pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Láti ara dísíìkì, ooru gba inú páàdì, èyí tó ń fún dísíìkì mọ́ra kó lè dúró, kọjá sí písítìnnì kálípà, irin tó ń ti páàdì, ẹ̀yìn písítìnnì yẹn gan-an sì ni ọ́ìlì wà. Bí ọ́ìlì ò bá tíì hó, kò ṣe é fún pọ̀, gbogbo agbára ẹsẹ̀ yín ló máa gbé dé ọ̀dọ̀ páàdì. Bó bá hó, gáàsì á wà nínú rẹ̀, gáàsì sì ṣe é fún pọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹ̀yin á máa tẹ pẹ́dàlì, gáàsì lẹ máa máa fún pọ̀, páàdì ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ṣẹlẹ̀ lójú kan. Bí ọkọ̀ bá ń rìn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kálípà. Bó bá dúró, dísíìkì ò ríbi da ooru rẹ̀ sí mọ́ ju páàdì àti kálípà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ ti dúró ni kálípà tún wá ń gbóná sí i.

Omi ni ọ̀tá kejì. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1, àwọn ẹ̀yà ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń kọ sára agolo, ara glycol, irú kẹ́míkà olómi kan, ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo wọn, glycol sì máa ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti dé. Omi ń gba ara rọ́bà họ́ọ̀sì wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba ẹnu ike ọ́ìlì, ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì bíréèkì sí, wọlé. Ojú ò lè rí i, ọ́ìlì lè mọ́ bí oyin kí omi ti wà nínú rẹ̀. Bí omi ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀n ooru tí ọ́ìlì fi ń hó ń wálẹ̀.

Ẹ ka nọ́ńbà méjì, ẹ má ka ẹyọ kan

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni mò ń pè ní nọ́ńbà gbígbẹ: ìwọ̀n ooru tí ọ́ìlì tuntun, tí omi ò tíì dé inú rẹ̀, fi máa hó. Èkejì ni nọ́ńbà olómi: ìwọ̀n tó fi máa hó nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 3.7%. Nínú òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 116, níbi tí orúkọ DOT ti wá, ọ́ìlì kankan ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju èyí lọ:

DOT 3: gbígbẹ 205°C, olómi 140°C
DOT 4: gbígbẹ 230°C, olómi 155°C
DOT 5.1: gbígbẹ 260°C, olómi 180°C

Ilẹ̀ ni nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe àjà. Ẹni tó bá ṣe ọ́ìlì tó kọjá wọn lè kọ DOT 4 sí i lára láìṣẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà "DOT 4" nìkan ò fi sọ nǹkan tó pọ̀ fún ẹni tó ń lọ sí pápá. ATE TYP 200 jẹ́ DOT 4: gbígbẹ rẹ̀ 280°C, olómi 198°C. Motul RBF 600 náà jẹ́ DOT 4: gbígbẹ rẹ̀ 312°C, olómi rẹ̀ lé ní 200 díẹ̀. Castrol React SRF: gbígbẹ 320°C, olómi 270°C.

Ẹ tún méjì tó gbẹ̀yìn yẹn wò. Nọ́ńbà gbígbẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, ìwọ̀n mẹ́jọ péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá wọ inú wọn tán, ọ̀kan fi nǹkan bí ọgọ́ta ìwọ̀n ga ju èkejì lọ. Ẹni tó bá fi iwájú agolo nìkan ṣe ìdájọ́ máa sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, á sì máa kanra sí iye tí wọ́n ń ta SRF, torí ó wọ́n gan-an. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń gba owó yẹn lé lórí.

Ẹ wá wo ara yín

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ máa ń lọ, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí páàdì inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ojú títì, ẹ má da ara yín láàmú. DOT 4 tó dáa tàbí DOT 5.1, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú bíréèkì ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa lọ, máa gbé yín. Kódà páàdì ojú títì máa ti ju ọwọ́ sílẹ̀ kí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ tó hó. Ọ́ìlì lásán tó jẹ́ tuntun sàn ju ọ́ìlì olókìkí tó ti lo ọdún kan nínú ọkọ̀ lọ. Mo ti fi ara mi san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Bó bá jẹ́ pé oṣooṣù ni, tí ẹ ti pààrọ̀ páàdì sí ti pápá, ẹ wá ọ́ìlì tí gbígbẹ rẹ̀ lé ní 300°C. Nọ́ńbà gbígbẹ wúlò fún yín torí ẹ̀ ń fa ọ́ìlì tuntun sínú kálípà nígbà gbogbo. Ẹ máa fa bíréèkì, ìyẹn kí ẹ fi ọ́ìlì tuntun lé àtijọ́ àti afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ tó lọ nígbàkigbà, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún.

Àwọn kan wà tí wọ́n mọ ara wọn pé àwọn ò ní gbé ọkọ̀ sókè lóṣooṣù. Ọmọ ń bẹ nílé, iṣẹ́ ń bẹ, ẹ̀yìn sì ń dun èèyàn. Irú wọn ni kó ra ọ́ìlì tí nọ́ńbà olómi rẹ̀ ga. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi agolo kan ṣe ohun tí ẹlòmíì ń fi mẹ́ta ṣe, owó náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọkọ̀ tó wúwo, tó yára, tó sì ń lo táyà tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bọ́ sí ọ̀wọ́ yìí náà, ìbáà ṣe pé olówó rẹ̀ ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé, torí ooru tirẹ̀ ò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Agolo tí ẹ ò gbọdọ̀ gbé

DOT 5 kì í ṣe DOT 5.1. Nọ́ńbà yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. DOT 5 jẹ́ sílíkónì, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ pọ́pù, DOT 5.1 jẹ́ glycol bíi DOT 4. Sílíkónì kì í fa omi mu, èèyàn lè rò pé ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n omi tó bá rí ọ̀nà wọlé ò ní pò mọ́ ọn, á lọ jókòó síbi tó rẹlẹ̀ jù, ìyẹn inú kálípà, omi sì máa hó ní 100°C bí omi inú ìkòkò. Sílíkónì tún máa ń di afẹ́fẹ́ mú, pẹ́dàlì rẹ̀ kì í le tó, kò sì bá ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há bí ẹ bá tẹ bíréèkì le, lò pọ̀. Ẹ má pò ó mọ́ glycol láéláé.

Ọ́ìlì mineral tí àwọn ọkọ̀ kan ń lò nínú ẹ̀rọ wọn jẹ́ ẹ̀yà míì pátápátá. Bó bá kan rọ́bà bíréèkì tí wọ́n ṣe fún glycol, rọ́bà á wú, ẹ ó sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 lè pò mọ́ra wọn láìba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n àdàlù ló máa jẹ́. Ẹni tó ra ọ́ìlì 320°C tó wá bù ú lé DOT 3 àtijọ́ lórí ti fi owó rẹ̀ ṣeré.

Nǹkan kékeré kan tó kù: bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Ní ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo, òfin gba DOT 4 láyè láti ki dé 1,800 mm²/s, DOT 5.1 ò sì gbọdọ̀ kọjá 900. Ẹ̀yà kan wà nínú ISO 4925, ìlànà àgbáyé fún ọ́ìlì bíréèkì, tí wọ́n ń pè ní class 6, kò gbọdọ̀ kọjá 750, torí ABS àti ESP (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀) òde òní, tó ní àwọn ihò tín-ín-rín, ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì pápá sábà máa ń ki jù ú lọ. Nínú ooru pápá ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ọkọ̀ yín bá ní class 6, tí ẹ sì ń fi ọkọ̀ yẹn rìn nínú òtútù tó ń mú kí omi dì, ẹ ro ó dáadáa, tàbí kí ẹ dá ti ilé padà lẹ́yìn pápá.

Rírà

Agolo tí wọn ò tíì ṣí rí nìkan. Ẹ yẹ ìdérí rẹ̀ wò, ẹ yẹ ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ wò. Mo fẹ́ràn agolo kékeré 500 ml ju ti ńlá lọ, torí ohun tí ẹ ò bá ṣí ò lè fa omi. Lítà kan máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì, àjẹkù díẹ̀ á sì wà fún fífà kékeré.

Pípààrọ̀ rẹ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ohun tó dúró ṣinṣin, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ inú ike jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá tí kò lẹ́nu mímú, ẹ nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ da tuntun sí i. Ẹ wo inú ìwé ọkọ̀ yín fún kẹ̀kẹ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ fà. Ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó jìnnà jù sí másítà bíréèkì, ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì lọ sí kẹ̀kẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló gba bẹ́ẹ̀.

Ẹni méjì ni mo fẹ́ràn láti fi ṣe é. Ẹ̀yin wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú sìpánà, ẹnì kejì wà lórí ìjókòó. Ẹ ki rọ́bà tín-ín-rín tó mọ́lẹ̀ kedere bọ nípù kálípà, ẹnu kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde, kí ẹnu kejì rọ́bà náà wà nínú ike míì tí ọ́ìlì díẹ̀ ti wà.

"Tẹ̀ ẹ́." Á tẹ̀ ẹ́, á sì dì í mú. Ẹ ṣí nípù, ọ́ìlì á tú jáde, pẹ́dàlì á máa wálẹ̀. Ẹ tì í padà kí pẹ́dàlì tó dé ìsàlẹ̀. "Gbé ẹsẹ̀ kúrò." Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tì í nìkan lẹ lè sọ ìyẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ lẹ máa fà wọlé. Ẹ fi igi tàbí nǹkan míì há abẹ́ pẹ́dàlì kó má lọ dé ilẹ̀ pátápátá. Nínú másítà tó ti pẹ́, ìpata ti mú ibi tí rọ́bà kì í sábà dé, bí rọ́bà bá sì gorí rẹ̀ lọ, ó lè gé.

Ẹ gbójú mọ́ rọ́bà tó mọ́lẹ̀ yẹn. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde máa dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná, torí ibi tí ooru ti pọ̀ jù ló ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà á máa fúyẹ́. Nígbà míì ẹ ó rí ìfóòfó kéékèèké tó tò tẹ̀ léra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, á dáwọ́ dúró, ọ̀kan péré á tún jáde. Ẹ má fi ti ẹyọ kan yẹn ṣeré. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i lẹ́yìn rẹ̀. Kálípà tó ní nípù méjì, ẹ fa méjèèjì. Ẹ máa wo ike ọ́ìlì òkè lẹ́yìn bí ìtẹ̀ mẹ́fà, torí bó bá gbẹ, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí.

Tí ọ́ìlì bá kán sí ọ̀dà ọkọ̀, omi ni kí ẹ dà sí i kíákíá, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nù ún kiri. Ó máa ń jẹ ọ̀dà. Bí afẹ́fẹ́ bá sì wọ inú ABS, àwọn ọkọ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà mẹkáníìkì nìkan lè lé e jáde.

Lórí pápá

Ẹ tẹ pẹ́dàlì kí ẹ tó jáde, kí ẹ rántí ibi tó dúró sí. Òun ni ẹ máa fi wọn gbogbo ọjọ́ náà.

Nígbà tí ẹ bá ń parí lọ, ẹ fi ìyípo kan gbáko rọra rìn, bíréèkì díẹ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ẹ má fa bíréèkì ọwọ́ bí ẹ bá dúró; ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà. Bí àyè bá wà, ẹ ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjì kí páàdì má baà dúró sójú kan lára dísíìkì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tún jáde, ẹ tẹ pẹ́dàlì lójú kan. Bó bá ti rọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, ọjọ́ ti parí fún yín títí ẹ ó fi fà á. Bó tilẹ̀ padà le nígbà tó tutù, ọ́ìlì tó ti hó lẹ́ẹ̀kan ò yẹ lẹ́ni tí à ń fọkàn tán mọ́.

Sítíkà ooru wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kálípà, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà tí kì í padà sí bó ṣe wà. Kò wọ́n, ó sì ń sọ òótọ́. Ẹ fi ohun tó bá kọ wé nọ́ńbà olómi ọ́ìlì yín, kì í ṣe gbígbẹ. Tí kálípà bá ti sún mọ́ ọn tó ìwọ̀n 30, èmi a ti máa ronú ọ́ìlì míì tàbí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ fi máa dé bíréèkì.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹjọ́ jẹ́ ti ọ́ìlì. Bí pẹ́dàlì bá le bí òkúta àmọ́ tí ọkọ̀ ò dúró, páàdì ló ti gbóná jù, ọ́ìlì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí pẹ́dàlì bá gùn ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ gun etí pápá, tó sì padà sípò ní ìtẹ̀ kejì, dísíìkì ló ti páàdì sẹ́yìn. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá wá lo ọ́ìlì tó dáa jù tó ṣì ń hó, ẹ bọ́ páàdì wò. Páàdì tó bá ti jẹ dé ìdajì máa ń jẹ́ kí ooru tètè kọjá, torí òun gan-an ni odi tó wà láàárín dísíìkì àti ọ́ìlì yín. Èmi máa ń pààrọ̀ tèmi nígbà tó bá ku ìdajì, àwọn ìdajì náà ni mo fi ń rìn lójú títì.

Agolo tó bá ṣẹ́kù ní ìdajì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí i lára, kí ẹ dé e pinpin. Bó bá ti lé ní oṣù kan, èmi ò ní dà á sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí pápá mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, pẹ̀lú èyí tó dúdú tí ẹ fà jáde.